Àwo Mẹ́fà fún Ọkọ Ìyàwó

Ìyá Oníkéèkì kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé èèyàn mélòó ló ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ti máa ń tan èèyàn. Ọkọ ìyàwó kan ti wá bá a rí, ó fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ò ní ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, èrò ya wá bí omi, wọ́n sì gé kéèkì náà títí ó fi fẹ́lẹ́ bí abẹ.

"Bàbá kan gbé tirẹ̀ sókè báyìí," ni obìnrin náà máa ń wí, á sì di ojú kan, "ó ń wo ìyàwó láti inú rẹ̀!"

Nítorí náà, àwo ló fi ń ṣe é. Tábìlì gígùn kan wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó to àwọn àwo kéékèèké jọ, funfun fún ẹbí ìyàwó, búlúù fún ẹbí ọkọ. Bí ẹ bá ti jókòó, á ní kí ẹ máa gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé àwo kankan sílẹ̀ láìsọ ẹni tí yóò jẹun nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tò ó tán ni yóò tó wo tábìlì láti òpin dé òpin, tí yóò wá sọ bóyá ìpele kan ni kéèkì yín tàbí méjì tàbí mẹ́ta.

Ọmọbìnrin onídìrí kan tó wá jókòó sídìí tábìlì náà ti ń fojú inú wo ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe aṣọ ló máa ń rò, kì í ṣe bàtà. Ọ̀bẹ ló máa ń rò: ọ̀bẹ gígùn kan tí a so rìbọ́ọ̀nù mọ́, ọwọ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ lórí, kí àwọn méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ṣí ìlẹ̀kùn ilé tuntun. Ìgbàkígbà tó bá ń di irun oníbàárà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀, àwòrán yìí ló máa ń wà lójú rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín sí orí olórí.

"Ó yá, ìyàwó," ni Ìyá Oníkéèkì wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́."

Kíá ló bẹ̀rẹ̀. "Ìyá mi. Bàbá mi. Àǹtí mi nìyí. Ọkọ Àǹtí mi nìyí, ẹ jẹ́ n gbé àwo méjì fún un, Mà, ó máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àbúrò bàbá mi nìyí, èyí tó máa ń sunkún níbi ìgbéyàwó gbogbo, ì báà mọ ìyàwó, ì báà má mọ̀ ọ́n…"

Ó ń tò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, títí àwo funfun fi bo ohun tó ju ìdajì tábìlì lọ. Ó wá tì sẹ́yìn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó kàn ẹ́."

Ọkùnrin náà, fíríjì ló ń tún ṣe. Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó rọra máa ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù nígbà gbogbo bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó mú àwo búlúù kan.

"Ọ̀gá mi," ó wí. Ó mú òmíràn. "Ìyàwó ọ̀gá mi." Ó gbé mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́." Ó dúró, ó ronú, ó tún mú ẹyọ kan. "Onílé mi."

Ó padà jókòó.

Ìyá Oníkéèkì wò ó. "Ẹ ṣì ń ronú ni?"

"Ó tán, Mà."

"Ó tán kẹ̀? Ìyá yín ńkọ́?"

"Ìyá mi kì í jẹ ohun dídùn, Mà."

"Mi ò bi yín ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo ní ṣé wọ́n ń bọ̀."

"Ọ̀nà jìn." Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ kúkú bá wa ṣe ìpele kan péré. Kékeré."

"Ìpele kan!" Obìnrin náà na ọwọ́ sí tábìlì. "Fún gbogbo èrò tó wà níbí? Ọ̀gbẹ́ni, àbí ẹ fẹ́ kí n máa fi ṣíbí tíì bù ú sí wọn lẹ́nu ni?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọkùnrin náà yóò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Àmọ́ Oníyìnyín yíjú sí i, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Dúdú mi, ṣé dandan ni kí gbogbo àwọn wọ̀nyí wá?" Ó na ọwọ́ tútù yẹn, ó mú àwo funfun kan níwájú rẹ̀, ó fẹ́ gbé e kúrò. Àwo àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ẹni tó máa ń sunkún.

Ọmọbìnrin náà di etí kejì àwo mú. Kò fà á. Ó kàn dì í mú ni. Fún ìgbà díẹ̀ àwọn méjèèjì di àwo kan náà mú.

Ìyá Oníkéèkì ló gba àwo náà lọ́wọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun kan wà tí ẹ ò tíì sọ fún ara yín. Ẹ lọ sọ ọ́, kí ẹ wá padà wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, torí kéèkì ìkánjú kì í dùn."

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí wọ́n jáde. Omi ń sáré nínú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Oníyìnyín bá a gbé báàgì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò ń gbà kí omi má baà ta sí i lára. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ túbọ̀ dàrú. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Àwọn èèyàn rẹ dà?" ó bi í.

"Ṣé èèyàn lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

"Ìwọ ni. Àmọ́ ìwọ náà, èèyàn ló bí ẹ."

 Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó fún un ní báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Kò bojú wẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrun kan, Àǹtí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù kó tó gbé e mì.

"Ó ti níyàwó níbìkan," ni Àǹtí wí, kóòmù wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkùnrin tí kò fẹ́ èrò, ẹnì kan wà nínú èrò yẹn tí kò fẹ́ kó rí òun."

Obìnrin tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun pariwo pé, "Kí lẹ wí? Mi ò gbọ́ o!"

"Ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí, Mà! Ẹ mórí dúró!" Àǹtí rẹ ohùn sílẹ̀. "Tàbí kó jẹ́ pé wọ́n lé e nílé. Tàbí kó jẹ́ olè."

"Àǹtí!"

"Kí ni mo sọ? Fíríjì ló ń tún ṣe, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ sínú òtútù. Àbúrò mi, mi ò fẹ́ kó o sunkún lọ́la. Ọmọ ejò tó bá ń dá rìn, ìyà ló máa jẹ ẹ́. Ẹni tí kò ní ará, kí ni yóò fi gbà ẹ́ sílé?"

 Nígbà tó di ọ̀sán, onídìrí bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ Oníyìnyín lọ.

Àwọn fíríjì ńlá ńlá dúró síta níbẹ̀, wọ́n la ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń yán. Nínú, Oníyìnyín dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà.

"Oníyìnyín! Ìyàwó ẹ dé o!" Ó tún wò ó dáadáa. "Ojú tí mo rí yìí, èmi ń lọ jẹun. Mo lè pẹ́." Ó sì jáde.

Oníyìnyín dìde, ọ́ìlì ẹ̀rọ wà ní iwájú orí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti kó ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀ jọ lọ́nà, àmọ́ nígbà tó dé ibẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde.

"Ṣé o ti níyàwó?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ó kù díẹ̀ kí n ní in nígbà kan." Ó fa àpótí kan fún un. "Jókòó."

Ó jókòó. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń nu ọwọ́ tó ti mọ́.

"Ìpele mẹ́rin ni kéèkì yẹn," ó wí. "Ìyá mi ló ní kó tóbi bẹ́ẹ̀. Ó ní èmi nìkan ni ọkùnrin tí òun bí, kí gbogbo ayé wá jẹ ẹ́. Gbogbo ẹbí wa ló wá. Àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ pàápàá wá. A jókòó, à ń retí ìyàwó. Wọ́n kọrin títí ohùn wọn gbẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde. Lẹ́yìn náà, mi ò dìde mọ́."

"Kò wá?"

"Kò wá."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀ títí dòní. Ara rẹ̀ le, ó wà láàyè. Kò kàn wá ni." Ó ká àkísà náà, ó tún tú u. "Ooru mú, súgà orí kéèkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kò sẹ́ni tó lè dìde lọ sílé. Ni ìyá mi bá dìde, ó mú ọ̀bẹ. Ó ní, 'Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò.' Òun nìkan ló gé e, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Àwọn kan tilẹ̀ ní kó fún àwọn sí i. Ó fún wọn sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé tèmi náà fún mi. Ó ní, 'Jẹ ẹ́.' Mo jẹ ẹ́."

Ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nígun yàrá náà. Àwọn méjèèjì tẹ́tí sí i bí ẹni pé òun ló kàn tó máa sọ̀rọ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi ò dé ibi ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni mọ́," ni Oníyìnyín wí. "Mo rò pé kí a kọ́kọ́ ṣe é tán. Tí mo bá ti fẹ́ ẹ tán, tó ti dájú, màá mú ẹ lọ bá wọn. Màá ní, ẹ wò ó, òun nìyí, ó wá."

"Wọn ò mọ̀ pé mo wà."

"Wọn ò mọ̀."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ẹni ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó mọ ìyẹn. Àánú ọkùnrin náà ṣe é débi pé ó fẹ́ dìde gbá a mọ́ra. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà lábẹ́ àánú náà, ó korò, ó sì ń gòkè bọ̀.

"Tí èmi náà ò bá wá ńkọ́?" ó bi í. "Ìyẹn lo ń rò, àbí?"

"Èèyàn mẹ́fà péré ló máa rí mi nínú àwọn tèmi. Kò sí ẹni tó máa dìde gé kéèkì nínú wọn."

"O sì fẹ́ kí àwọn tèmi náà dín kù, kí ojú má baà pọ̀."

Kò sẹ́ ẹ.

"Kéèkì tí o ní kí wọ́n ṣe yìí," ni ọmọbìnrin náà wí, "kì í ṣe ti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ti ọjọ́ tí mi ò ní wá ni."

Ó dìde, ó lọ. Oníyìnyín pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wá dẹ́rù bà á jù kò ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó ń di irun ọmọge kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ láìdákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ojú inú rẹ̀ sì ń wá ọ̀bẹ onírìbọ́ọ̀nù yẹn. Kò rí i. Obìnrin kan ló rí, tó jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá kan, tó ti wọṣọ ìgbéyàwó tán, tó ń gbọ́ mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà tí kò sì dìde. Ó rò pé obìnrin àkọ́kọ́ yẹn ni. Ìgbà tó wò ó dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ni.

Bó ṣe máa rọrùn tó ló bà á lẹ́rù. Kò sí ohun tí èèyàn máa ṣe. Á kàn jókòó ni. Títí di ọjọ́ yẹn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé èèyàn lè má lọ síbi ìgbéyàwó ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í wá sọ́kàn ẹni pé èèyàn lè má mí. Àmọ́ wọ́n ti fi í hàn án báyìí. Olólùfẹ́ rẹ̀ ti wo ojú rẹ̀, ó sì rí ẹni tó lè má wá níbẹ̀. Òun náà wá ń rí i.

"Ẹ̀ẹ́, Àǹtí onídìrí!" ni ọmọge náà ké. "Ẹ ti di mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn o! Orí mi kì í ṣe okùn!"

Ó tú u, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún un dì. Nígbà tó parí, kò sọ ohunkóhun fún Àǹtí rẹ̀. Ó padà sí ibi tí wọ́n ti ń tún fíríjì ṣe.

"Pe ìyá rẹ," ó wí. Kò tilẹ̀ kí i.

"Dúdú mi…"

"Mi ò bínú mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí a bá ṣe é bó o ṣe fẹ́ ẹ, ọjọ́ yẹn á dé, ìwọ á máa wo ẹnu ọ̀nà, èmi náà á máa wò ó. Pè wọ́n."

Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó rí fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpò rẹ̀ ló wà. Ó pè. Ó ń dún. Wọ́n gbé e. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń pè é ní ọkọ mi, ó ń béèrè bóyá ó ti jẹun.  Omi ti kún ojú Oníyìnyín. Ọmọbìnrin náà rọra gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Ta nìyẹn? Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Mà. Èmi… èmi ni ẹni tó fẹ́ fẹ́."

Ọmọbìnrin náà wo fóònù bóyá ó ti já.

"Ọjọ́ wo?" ni ìyá náà wí nígbẹ̀yìn.

Ó sọ ọjọ́ náà fún un.

"O máa wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kúkúrú ló yẹ kó jẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rín ni ì bá fi sọ ọ́. Báyìí, ó ní láti wá a kó tó rí i.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mà," ó wí. "Àmọ́ màá wá."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Èyí àkọ́kọ́ kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ń bá mi rẹ́rìn-ín títí di àná ọjọ́ náà gan-an. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi á lè gbé mi wọ ibi tí wọ́n bá gbé kéèkì kalẹ̀ sí. Àwọn ẹbí rẹ̀ yòókù, mi ò mọ èyí tó máa gbà nínú wọn. Gbé fóònù fún un."

Ó gbé e fún un, ó sì jáde síta kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó fara ti fíríjì kan tí kò ní ilẹ̀kùn, ó mú fóònù tirẹ̀, ó pe Ìyá Oníkéèkì.

"Ìpele mẹ́ta, Mà."

"Ẹn-hẹ́n! Ẹ ti wá mọ àwọn tó ń bọ̀ báyìí."

"Rárá, Mà. A ò mọ̀. Àwọn tèmi ń bọ̀. Àwọn tirẹ̀, a ò tíì mọ̀."

"Ìyàwó, ẹ gbọ́ mi. Ìpele mẹ́ta, bí ẹbí ọkọ ò bá wá, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kéèkì ńlá kì í pa àṣírí mọ́. Kékeré ṣì wà o."

"Mo mọ̀, Mà. Bí wọn ò bá wá, àwọn èèyàn mi á rí i. Kí wọ́n rí i."

Kò mọ bí òun ṣe dúró síbẹ̀ pẹ́ tó lẹ́yìn ìyẹn. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ "Ẹ má bínú, Mà," ó tún ń gbọ́ ọ, kò sì gbọ́ èsì.  Ó ti fi ìtìjú tó ṣeé ṣe kó má dé rárá sí iwájú ìyá àti bàbá rẹ̀, sí iwájú Àǹtí tí kò ní jẹ́ kó gbádùn títí láé.

Oníyìnyín jáde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ń bọ̀?"

"Wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ò ní wá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Wọ́n ń bi mí bóyá o ga."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn."